Ta Ni Oṣó Ṣì Nílò? Idán àti Ìjọba Nínú Ayé Eré Àròsọ

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti gbà mí lọ́kàn láti ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń darí eré orí tábìlì, èyí tí àwọn èèyàn ń jókòó yí tábìlì ká, tí olúkúlùkù ń ṣe bí ẹnì kan nínú ìtàn, tí ẹni tó ń darí sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo àwọn yòókù. Bí a bá dá ayé kan sílẹ̀ nínú eré, tí a sì fún àwọn kan níbẹ̀ ní agbára láti fò, láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ju iná, àti láti jí òkú dìde, irú ìjọba wo ni yóò wà nínú ayé bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣẹ̀dá ayé eré kì í bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Wọn a gbé ọba kan gorí ìtẹ́, wọn a mọ odi yí ìlú rẹ̀ ká, wọn a kó ọmọ ogun tó gbé ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ sẹ́nu ibodè, lẹ́yìn náà ni wọn á wá fi oṣó méjì tàbí mẹ́ta kún un, bí ìgbà tí èèyàn bá kọ́lé tán kó tó rántí pé odò ń ṣàn gba àárín yàrá kọjá.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo máa lò. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo idán nínú eré, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, mo máa pè é ní oṣó, láìní èrò ibi kankan lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òrìṣà kan ni agbára rẹ̀ ti wá, mo máa pè é ní àlùfáà. Ọfọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè jáde. Èyí tó ń gbé èèyàn láti ìlú kan dé òmíràn kí a tó ṣẹ́jú, egbé ni; èyí tó ń mú kí èèyàn ṣe ohun tí kò ti ọkàn rẹ̀ wá, gbètugbètu ni. Iye àti òṣùwọ̀n tí mo bá dá, inú òfin ẹ̀dà karùn-ún Dungeons & Dragons tó jáde ní 2014 ni mo ti mú un. Eré náà fúnra rẹ̀ ti wà láti 1974, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ eré tó tẹ̀lé e ti kọ́ bí a ṣe ń ka ọfọ̀ ní ipele-ipele, bó ṣe lágbára sí. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ náà ní ipele tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ti ọfọ̀.

Ìdí tábìlì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. Mo ti fi oṣù mẹ́ta hun ìtàn kan sílẹ̀: wọ́n fi májèlé pa ọba, olórí ìgbìmọ̀ ló wà nídìí rẹ̀, mo sì ti to ẹ̀rí sílẹ̀ níbi púpọ̀ kí àwọn tó ń bá mi ṣeré lè máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ìjókòó kejì, ẹni tó ń ṣe àlùfáà nínú wọn ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ wá dúró sójú kan. Ó pe ọfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Zone of Truth, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹni tó bá mú lè purọ́. Ó kọjú sí olórí ìgbìmọ̀, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ pa ọba?” Mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan fi sí ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ sì tó ìdáhùn. Nígbà tí mo délé, kì í ṣe ìtàn tó bàjẹ́ ló ń dùn mí. Ohun tí mi ò lè dáhùn ni pé, bí irú ọfọ̀ yìí bá ti wà ní ìlú yẹn láti ayébáyé, báwo ni olórí ìgbìmọ̀ ṣe rò pé òun lè pa ọba kí òun sì mú un jẹ? Kí ló dé tí ìgbìmọ̀ kò ní òfin kankan nípa ọfọ̀ náà? Ta ló gbà kí àlejò kan ṣáà wọlé, kó sì pe ọfọ̀ lé ìgbìmọ̀ lórí?

Onímọ̀ ìṣèlú kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hobbes, sọ ní 1651 pé nínú gbogbo èèyàn, ẹni tó rẹlẹ̀ jù lágbára ṣì lè pa ẹni tó lágbára jù, yálà nípa ètekéte ìkọ̀kọ̀ tàbí nípa bíbá àwọn mìíràn lẹ̀dí àpò pọ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí ló gbé gbogbo ohun tó sọ nípa ìjọba kà: a jọ ń bẹ̀rù ara wa, nítorí náà a nílò ẹni tí yóò pa wá mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọba náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọba nílò ẹni tó ń gbé ọ̀kọ̀, ẹni tó ń dáko, ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́, ẹni tó ń kọ̀wé, ẹni tó ń ṣọ́ ọ nígbà tó bá sùn. Nítorí pé ó nílò wọn ni ó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, bó bá tiẹ̀ fẹ́ràn wọn tàbí kò fẹ́ràn wọn. Idán ló ń bọ̀ wá gé okùn yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọfọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ìjọba tó máa wà nínú ayé eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí bí iná oṣó ṣe tóbi tó. Kó béèrè pé ta ni oṣó náà ṣì nílò.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ ogun kúrò lọ́nà, nítorí òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló le jù. Iná Fireball máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20 láti àárín rẹ̀ dé etí. Bí ọmọ ogun bá tò, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹsẹ̀ bàtà 5 níbùú lóròó, nǹkan bí 50 ni iná kan ṣoṣo lè bò mọ́lẹ̀. Ó bani lẹ́rù gan-an. Ṣùgbọ́n oṣó ipele 5, tí agbára yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lè pè é kó tó sinmi, ìsinmi wákàtí 8 gbáko ló sì ń dá gbogbo agbára rẹ̀ padà. Ọmọ ogun 3,000 tó fọ́n ká, tí wọ́n ń yọ láti ọ̀nà mẹ́rin, lè ní sùúrù títí oorun yóò fi kun oṣó náà. Nítorí náà, ogun yóò yí bó ṣe ń tò padà, kò ní parẹ́. Ní àwọn ipele òkè, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ oorun ṣì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí oṣó bá sùn, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣèjọba, wọn ì báà fún un lóyè tàbí kí wọ́n má fún un.

Àwọn ọfọ̀ tó ń yí ìjọba padà ní tòótọ́ ni àwọn kékeré tó ń wádìí ọkàn àti àwọn tó ń de ọkàn. Ẹ padà síbi Zone of Truth. Ọfọ̀ ipele 2 ni. Àlùfáà tó wà ní ipele 3 nínú iṣẹ́ rẹ̀ lè pè é, ìyẹn ẹni tí a kò tíì lè kà mọ́ àwọn àgbà. Ó ń gba ibi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15 láti àárín dé etí, fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí ọfọ̀ náà bá mú kò lè sọ ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọfọ̀ wà lára òun, ó lè dákẹ́, ó sì lè máa fọ̀rọ̀ yí bírí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kúrò nínú òtítọ́. Àwọn mìíràn wà tí ọfọ̀ náà kò ní mú rárá, nínú àwọn tó ń wò wọ́n, àlùfáà tó pè é nìkan ló sì mọ ẹni tó mú àti ẹni tí kò mú. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ dì mú ṣinṣin.

Ẹ fojú inú wo ilé ẹjọ́ kan ní irú ayé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà róbótó sílẹ̀, ilẹ̀ àárín rẹ̀ sì ti ń dán nítorí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó ti dúró síbẹ̀. Ìyá àgbà kan wọlé wá jẹ́rìí lórí ààlà ilẹ̀. Akọ̀wé yí aago oníyanrìn dojú dé, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Adájọ́ kò wo ojú ìyá náà. Ojú àlùfáà tó fẹ̀yìn ti ògiri ló ń wò. Àlùfáà mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọfọ̀ ti mú un. Láti àkókò náà lọ, ohunkóhun tí ìyá yẹn bá sọ ti di òtítọ́ lójú òfin. Bí àlùfáà náà kò bá mi orí ńkọ́? Ìyá náà lè máa sọ òtítọ́ pọ́ńbélé bọ̀ láti àárọ̀, kò ní í wúlò fún un. Ta wá ni adájọ́ nínú yàrá yẹn? Ẹni tó jókòó sórí àga gíga ń ka ìdájọ́ jáde ni, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń dá a.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣẹ̀dá ayé eré pé kó má fi ọfọ̀ òtítọ́ sílẹ̀ lásán, bí ẹni pé ó kàn ń mú iṣẹ́ adájọ́ rọrùn. Ó ń gbé agbára láti ọwọ́ ẹnì kan lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ilé òrìṣà tó bá ń pèsè àwọn àlùfáà ilé ẹjọ́ lè di ìjọba inú ìjọba láàárín ìran méjì, láìju òkò kan. Ìlú tó bá lọ́gbọ́n yóò ṣòfin pé àlùfáà méjì ni kó dúró, láti ilé òrìṣà méjì tí kì í fojú rere wo ara wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan pe ọfọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin yóò tún ní láti sọ bóyá ìdákẹ́ jẹ́ ẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bi, aláìlẹ́ṣẹ̀ tó ń bo àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé; bí kò bá jẹ́ ẹ̀bi, olórí ìgbìmọ̀ tèmi ọjọ́sí ti bọ́. Àwọn olówó yóò ran ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dáhùn láìdáhùn. Àwọn tó bá sì ń gbìmọ̀ ibi yóò kọ́ láti pín iṣẹ́ wọn sí wẹ́wẹ́, kí ẹni tó gbé ìgò májèlé wọlé má mọ̀ pé májèlé ni, kí ẹni tó rán an má mọ yàrá tó ń gbé e lọ, nítorí irọ́ tí èèyàn kò mọ̀ sí irọ́, ọfọ̀ kò lè rí i. Nínú gbogbo èyí, ìyá àgbà tí kò rí olùkọ́ gbà, tí ìbéèrè burúkú kan lè mú kó tú àṣírí ọmọ rẹ̀ níwájú gbogbo ará ìlú, òun ni ìrora náà máa ń bọ́ sí lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí irú rẹ̀ wà nínú eré yín. Ara rẹ̀ la ti máa ń mọ bí ìjọba kan ṣe rí.

Gbètugbètu tún wá ju ìyẹn lọ. Charm Person, ọfọ̀ ipele 1, máa ń sọ àjèjì di ọ̀rẹ́ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n bó bá ti tán, ẹni tí wọ́n ṣe é fún yóò mọ̀ pé wọ́n ṣe òun, ó sì lè pe ẹjọ́. Suggestion, ọfọ̀ ipele 2, le jù ú lọ: bí oṣó bá lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ bí ohun tó bọ́gbọ́n mu, ẹni náà lè máa ṣe é lọ títí dé wákàtí 8, òfin eré kò sì sọ pé yóò mọ̀ lẹ́yìn náà. Wákàtí 8 ju ìjókòó ìgbìmọ̀ kan lọ. Ó tó láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, láti lé olórí ogun kúrò, láti fi ọmọ fún ọkọ.

Níbi tí ọwọ́ ọba ti lè fọwọ́ sí ohun tí ọkàn rẹ̀ kò mọ̀, ìfọwọ́sí ọba nìkan kò tó mọ́. Ohun tí mo rò pé yóò kọ́kọ́ hù nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni òfin ìdádúró. Àṣẹ tí ọba pa lónìí kò ní di àṣẹ títí di ọ̀la, nígbà tí yóò tún un kà níwájú àwọn ẹlẹ́rìí tí kò sí níbẹ̀ lánàá, lẹ́yìn tí gbogbo wákàtí 8 yẹn ti kọjá. Wọn yóò máa ṣẹ́ kèké yan àwọn ẹlẹ́rìí náà ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ẹni tó yẹ kí òun dọ́gbọ́n sí ní òru. Akọ̀wé tó ń sọ pé “ẹ padà wá lọ́la”, tí gbogbo èèyàn ń bú nínú ayé tiwa, apata ìlú ló jẹ́ nínú ayé yẹn.

Ohun kan tún fara pamọ́ síbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé idán á sọ ọba di alágbára. Bí ọba náà kì í bá ṣe oṣó, òdìkejì rẹ̀ ni. Ọkàn kan ṣoṣo rọrùn láti dè. Ọkàn 20 tó jókòó yí tábìlì ká, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì bóyá ohùn rẹ̀ ti yí padà láti àná, ó ṣòro. Ìlú tí àwọn aláìmọdán ń ṣàkóso rẹ̀, bí kò bá fẹ́ kú, ìgbìmọ̀ ni yóò máa bọ́ sí, kódà bí adé bá ṣì wà lórí ẹnì kan níwájú ìta.

Nípa odi ìlú, kò gba àlàyé gígùn: odi kò dí ẹni tó ní egbé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin eré sọ nípa Teleportation Circle, ọfọ̀ ipele 5. Àmì tí oṣó yà sílẹ̀ láti fi gbé èèyàn lọ máa ń parẹ́ ní kíákíá, àfi bí ó bá ń pè é sójú kan náà lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Ìgbà náà ló máa wà títí láé. Ọfọ̀ mìíràn wà tó ń dí egbé àti ojú àwọn tó ń ṣọ́ni láti òkèèrè, òun náà gba ọdún kan kó tó dúró. Oṣó tó ń rìn káàkiri, bó ti wù kó lágbára tó, kò lè ṣe é. Oṣó tí ẹnì kan ń bọ́, tí ẹnì kan ń dáàbò bò, tí ẹnì kan ń san owó rẹ̀ fún ọjọ́ 365 láìfo ọjọ́ kan, òun ló lè ṣe é. Ẹni tó lè pèsè irú ọdún bẹ́ẹ̀, ìjọba ni à ń pè é. Lójú tèmi, ibí yìí ni oṣó àti ìlú ti so pọ̀ jù lọ: oṣó nílò ọdún tí kò ní wàhálà, ìlú ló sì ní in lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà àmì náà bá sì ti là, ààlà ilẹ̀ ti ṣí kúrò létí igbó, ó ti wọ inú yàrá kan láàárín ìlú, níbi tí aṣọ́bodè jókòó tì, tó ń wo àmì náà pé ta ni yóò yọ. Ẹni tó mọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ àmì náà lè wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá tà á fún ọ̀tá ti ta ìlú.

Oúnjẹ náà yẹ kí a wọ̀n. Ọfọ̀ Create Food and Water ń bọ́ èèyàn 15 fún ọjọ́ kan. Láti fi bọ́ ọmọ ogun 3,000, a ní láti pè é nígbà 200 lójúmọ́. Àlùfáà ipele 5 kan kò lè pè é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, a sì ní láti wá 100 irú wọn. Kò sí ìlú tó ní irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ ní ìfipamọ́, nítorí náà àgbẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀, ọba ṣì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Plant Growth yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá fi wákàtí 8 pè é sórí oko, gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín ìdajì máìlì sí i yóò so ìlọ́po méjì fún ọdún kan. Ilẹ̀ yẹn tó nǹkan bí sarè 500. Ẹni tó bá ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún 30 ọjọ́ ti sọ sarè 15,000 di ìlọ́po méjì. Mo gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé, tí kò ju iná kankan rí, ṣe pàtàkì fún ìjọba ju gbogbo oṣó ogun lọ. Abúlé tó bá yàn án ní ọ̀tá ti pàdánù ìdajì ìkórè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọba tó bá ń pinnu ibi tó máa lọ lọ́dọọdún ti rí ohun tó fi ń san ẹ̀san àti ohun tó fi ń jẹni níyà, láìrán ọmọ ogun kan jáde.

Ikú ńkọ́? Raise Dead lè jí òkú dìde bí kò bá tíì ju ọjọ́ 10 lọ tó ti kú, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gbà láti padà, tí a sì ní dáyámọ́ńdì tó tó owó wúrà 500, èyí tí ọfọ̀ náà máa ń jẹ run. Bí orí kò bá sí lára òkú, kò ní ṣiṣẹ́. Láti ara ìlà díẹ̀ yìí, òfin odidi ìlú kan lè jáde. Ọmọ ọba kò gbọdọ̀ gorí ìtẹ́ títí ọjọ́ 10 yóò fi pé. Ta ló ń ṣèjọba láàárín ọjọ́ 10 yẹn? Ta ló ń ṣọ́ òkú? Ta ló di kọ́kọ́rọ́ àpótí dáyámọ́ńdì mú, tó sì lè sọ pé ó ti tán? Àwọn tó ń pa ọba kì í kàn ń pa á lásán nínú irú ayé yìí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n pe ọba, ó kọ̀ láti padà; ìgbìmọ̀ yóò ní láti pinnu bóyá kí wọ́n sọ ìyẹn fún ará ìlú.

Títí di ìsinsìnyí, mo ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé aláìmọdán ló ń ṣèjọba. Kí ló dé tí àwọn oṣó fúnra wọn kò gba ìjọba? Ìdáhùn tó dára jù tí mo tíì rí wà nínú eré Ars Magica, tó jáde ní 1987. Nínú rẹ̀, àwọn oṣó ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ ní ẹgbẹ́ kan, Order of Hermes, tí ilé ẹjọ́ rẹ̀ ń jókòó ní ọdún méje-méje. Òfin wọn kò gbà kí oṣó máa tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìmọdán bí ó bá lè fa ìparun wá sórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì gbà kó di oṣó ààfin ọba. Ohun tí oṣó ń ṣírò níbẹ̀ ni sáà ọdún: sáà kan fún ìwé kíkà, sáà kan fún ṣíṣẹ̀dá ọfọ̀ tuntun. Ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ méjìlá máa ń jẹ sáà kan run. Ìjọba ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́, iṣẹ́ tí kò lópin, oṣó tó mọ iye ọjọ́ rẹ̀ lè má fẹ́ ẹ. Ohun tó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú eré náà ni bí ẹgbẹ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú, oṣó kò lè jókòó ti oṣó, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rù ọfọ̀ èkejì. Ìgbà tí oṣó kan, Bonisagus, ṣàwárí ààbò tó ń dí idán ẹlòmíràn ni wọ́n tó lè wọ yàrá kan náà pọ̀, kí wọ́n sì ṣòfin. Apata ló ṣáájú, ìjọba tẹ̀lé e.

Níbi tí àwọn oṣó bá ti fẹ́ ẹ, ẹ wo House Telvanni, ìdílé àwọn oṣó tó ń ṣèjọba, nínú eré kọ̀ǹpútà Morrowind ti 2002. Ilé gogoro tí wọ́n hù jáde lára olú ńlá ni àwọn olórí wọn ń gbé, kò sì sí àtẹ̀gùn tó gbéni dé ọ̀dọ̀ wọn lókè. Ẹni tí kò bá lè léfòó yóò dúró nísàlẹ̀. Kò sí ìwé òfin kankan tó lè sọ irú ìjọba yẹn jáde ju ihò gíga tí kò ní àtẹ̀gùn yẹn lọ: ẹni tí olúwa ilé kò nílò kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn. Ní ilẹ̀ Thay, nínú Forgotten Realms, ọ̀kan nínú àwọn ayé Dungeons & Dragons, àwọn olórí oṣó mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní zulkir ló ń ṣàkóso, ẹnì kan fún ẹ̀ka idán kọ̀ọ̀kan, títí tí Szass Tam, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń lo òkú, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti kọjá ikú, fi gba gbogbo rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹ̀ka yẹn ló borí. Òkú kì í béèrè owó iṣẹ́, kì í sùn, kì í ní ọmọ tó ń ṣàánú fún. Òun nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló nílò alààyè kéré jù.

Ìlú tó bẹ̀rù irú òpin yìí lè ṣe bí wọ́n ti ṣe nínú ayé Thedas, nínú eré kọ̀ǹpútà Dragon Age: Origins ti 2009. Níbẹ̀, wọ́n ń kó oṣó jọ sí ilé ìṣọ́ láti kékeré, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn sínú ìgò kí àwọn jagunjagun ìsìn lè fi tọpa ẹni tó bá sá lọ. Àmọ́ nínú ayé kan náà, ilẹ̀ Tevinter wà, níbi tí àwọn oṣó ti ń jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣòfin. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ń na ìka sí èkejì gẹ́gẹ́ bí ìdí tí òun fi rí bí òun ṣe rí. Mo gbà pé ilé ìṣọ́ náà burú, ó sì dùn mí pé ẹ̀rù tó kọ́ ọ kì í ṣe ẹ̀rù asán.

Lẹ́yìn gbogbo ìrònú yìí, mo padà sí ìlú tèmi, èyí tí olórí ìgbìmọ̀ ti dákẹ́. Mo tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ọba ibẹ̀ ti di obìnrin kan tó jẹ́ oṣó ńlá, tó lè fi egbé dé ibikíbi, tí kò sì nílò ọmọ ogun. Yàrá tó ń sùn sí ni wọ́n fi ọdún kan pe ọfọ̀ ìdínà lé lórí, egbé kò lè wọ̀ ọ́, ojú òkèèrè kò lè rí i. Òfin ìlú náà sọ pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ idán. Lálaalẹ́, wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké láàárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá mú ni yóò ti ilẹ̀kùn láti ìta, yóò sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní àárọ̀, kó tó ṣí i, ó ní ẹ̀tọ́ láti bi ọba ní ìbéèrè kan, ọba sì gbọ́dọ̀ dáhùn.